Ariwo Tó Kọjá Lórí Àṣàkẹ́

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti òkè òkun dé, ẹ̀yin ará ilé kò sì yéé bi mí pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi dá yín lóhùn. Ilé gíga àti títì tó ń dán lẹ fẹ́ kí n sọ, ibi tí èmi lọ kò sì ní wọn. Òkè ni, àti òjò, àti àgùntàn tó pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa níbẹ̀ kò ṣe é sọ ní ìdúró, mo sì fẹ́ rí ibi tí yóò já sí kí n tó ròyìn rẹ̀. Ó ti já síbì kan báyìí.

Èmi ni Ràfíátù. Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Ifẹ̀ yìí. Mayfair ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n Òkèrèwè ni agboolé wa, ibẹ̀ sì ni ìyá mi wà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Àbúrò mi, Mútíátù, ń gbé ní Wales pẹ̀lú Tàjú ọkọ rẹ̀, tó ń ṣe dókítà ní ọsibítù kékeré kan níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń retí, Ọlọ́run fún wọn ní ọmọbìnrin. Ta ni yóò wẹ ọmọ bí kò ṣe Màmá? Màmá sì ní òun kò ní í wọ bàálù láìsí ẹni tó gbọ́ èdè òyìnbó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi gígùn. Bí mo ṣe di ẹni tó ń ru èlùbọ́ àti ata gígún lọ sí òkè òkun nìyẹn.

Ìkíni nínú òjò

Òjò winniwinni ló pàdé wa. Ẹsẹ̀ òkè kan ni ilé Mútíátù wà, òkúta dúdú ni wọ́n fi kọ́ ọ, òun àti ilé kan ṣoṣo mìíràn ló sì wà lójú ọ̀nà náà. Bí Màmá ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, Tàjú jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tútù.

Kí Màmá tó rí àyè ṣàdúrà fún un, obìnrin àgbàlagbà kan ti sáré jáde láti ilé kejì, ó di apá Tàjú mú, ó ń fà á sókè, ó ń bi í bóyá ó farapa. Ó rò pé ó ṣubú ni! Tàjú ń ti ilẹ̀ ṣàlàyé fún un pé ìyá ìyàwó òun ló dé. Obìnrin náà wo Màmá, ó wo Tàjú, ó ní ọmọkùnrin mẹ́ta ni òun bí, kò sí èyí tó kí òun báyìí rí.

Mẹgan ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń sin àgùntàn lórí òkè náà.

Mútíátù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ kí a tó dé, ṣùgbọ́n Màmá kò fi ìyẹn ṣe. Lójú ẹsẹ̀ ló fún un ní oríkì.

"Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ mi, mo ti dé o."

Ọmọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún náà tẹjú mọ́ gèlè rẹ̀. Mo rí omi lójú Màmá, ó sì ní òjò ni.

Àwọn tí a bá níbẹ̀

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í kí ara wọn bí tiwa. Ojú ọjọ́ ni wọ́n máa ń sọ. Ẹnì kan á ní ó dà bí ẹni pé yóò dá, èkejì á ní bẹ́ẹ̀ ni, yóò dá, wọ́n á sì kọjá lọ. Màmá ní, "Wọn ò bèèrè ilé, wọn ò bèèrè ọmọ, òjò tó ń pa àwọn méjèèjì ni wọ́n ń ròyìn fún ara wọn." Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí ojú ọ̀run bí ó bá ti rí afìwéránṣẹ́, afìwéránṣẹ́ á sì mi orí. Ọkùnrin yẹn ti gbọ́ tí gbogbo wa ń pè é ní Màmá, ó rò pé orúkọ ìdílé rẹ̀ ni, ló bá ń kí i ní "Ìyáàfin Màmá". A kò bá a ṣe àtúnṣe. Ó dùn mọ́ Màmá nínú.

Èdè tiwọn ni wọ́n ń sọ láàrin ara wọn, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á dákẹ́ lójijì, wọ́n á wá máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Inú bí mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n ń sọ. Mẹgan ló là mí lóye pé nítorí tiwa ni wọ́n ṣe yí èdè padà, kí a má baà dúró bí ẹni tí a tì sẹ́yìn. Ó ní nígbà tí ìyá òun wà ní ọmọdé, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹni tó bá sọ èdè ilé ní ilé-ẹ̀kọ́. Mo ní wọ́n na àwa náà lórí ọ̀rọ̀ yẹn. A jọ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ikùn.

Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni Mẹgan máa ń gbà wá, kì í sì í wọlé títí a ó fi pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Búrẹ́dì dúdú kan tí wọ́n fi èso gbígbẹ sí ló máa ń gbé wá. Màmá fẹ́ràn rẹ̀. Ó fún Mẹgan ní móínmóín ní ìdúpẹ́, Mẹgan gé e pẹlẹbẹ bí kéèkì, ó fi tíì lé e, ó sì ń nu imú nítorí ata. Kò fi sílẹ̀ o. Ó jẹ ẹ́ tán.

Oòrùn kì í tètè wọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn. Màmá á ti ṣe àlùwàlá tán, á jókòó sórí ẹní, á máa retí àkókò ìrun àṣálẹ́ títí aago mẹ́sàn-án á fi kọjá. Nígbà tí kò mọ ibi tí ìlà-oòrùn wà, Mẹgan ló dì í lọ́wọ́ mú lọ sẹ́yìn ilé ní òwúrọ̀, ó fi góńgó òkè tí oòrùn ti ń yọ hàn án. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn méjèèjì jọ gbọ́.

Bàálù

Ọjọ́ kẹfà wa ni ojú ọ̀run kọ́kọ́ mọ́ dáadáa. Mútíátù tẹ́ ẹní sórí koríko lẹ́yìn ilé, ó gbé Àṣàkẹ́ tó ń sùn sórí rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Màmá ń sá aṣọ ọmọ sórí okùn. Mẹgan fara ti ògiri òkúta tó pààlà ilé méjèèjì, ó ń bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, kò sí ìkìlọ̀ kankan. Nǹkan eléérú kan kàn yọ láàrin òkè méjì. Ó dẹ̀gbẹ́ kan, ó fò nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rí akoto lórí ẹni tó ń wà á. Ó dé orí wa, ìgbà náà ni ọ̀run ya. Ariwo náà gba inú àyà mi kọjá. Fèrèsé ń gbọ̀n, àwọn àgùntàn ń sá lu ara wọn. Màmá ti wà nílẹ̀, ó fi aṣọ ọmọ bo orí, ó ń pe Ọlọ́run. Mo gbójú sókè síbi tí ariwo ti ń wá, òfìfo ni mo rí. Bàálù náà ti dé òkè kejì, ó ti kéré bí ẹyẹ.

Mẹgan kò mira. "Bàálù ogun ni. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ológun ló ń fi ibí kọ́ ìwakọ̀. Bí ojú ọ̀run bá ti mọ́, ẹ ó rí wọn. Má wo ibi tí o ti gbọ́ ọ. Iwájú ibẹ̀ ni kí o máa wò."

Inú mi dùn bí inú ọmọdé. Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń dúró níwájú pátákó, tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìró kì í dé lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ohun tó dá a, pé bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló fi ń rin kìlómítà kan. Mànàmáná àti àrá ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún wọn. Bàálù yìí kò sáré ju ìró lọ. Òfin kò gbà á láyè lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, ìró rẹ̀ kò sì rí àyè ṣíwájú rẹ̀ wá sọ fún wa pé ó ń bọ̀. Nígbà tí etí sì gbọ́ ọ tán, òun fúnra rẹ̀ ti lọ. Mò ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún Mẹgan tọwọ́tẹsẹ̀, obìnrin tó ti ń gbọ́ ariwo náà láti ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń fi sùúrù gbọ́ mi.

Mútíátù gbé apẹ̀rẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, Àǹtí mi! Gbogbo yín ló sá, ọmọ mi ṣì ń sùn. Akíkanjú ni."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó ń gbọn koríko kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó ń wo ọmọ.

Ìdérí ìkòkò

Ní ọjọ́ kejì, Mútíátù wà ní balùwẹ̀. Mo wọ yàrá ọmọ, mo bá Màmá tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn orí Àṣàkẹ́, ìdérí ìkòkò ní ọwọ́ kan, ṣíbí ní ọwọ́ kejì. Ọmọ lajú sílẹ̀, ó ń wo àjà. Màmá fi ṣíbí lu ìdérí náà, gbàà! Èmi fò sókè. Ọmọ ń wo àjà.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ti ilẹ̀kùn."

Mo tì í.

"Ràfíátù, ọmọ tí mo ti wẹ̀ lé ní ogún. Bí nǹkan bá já lulẹ̀, wọ́n á ta gìrì, wọ́n á na apá méjèèjì báyìí. Èyí kì í nà án. Mo pè é lẹ́yìn, kò mira. Mo yọ sí i níwájú, ó rẹ́rìn-ín sí mi."

"Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, Màmá. Kí ló mọ̀?"

"Mo ní kí o ti ilẹ̀kùn ni, n kò ní kí o bá mi jiyàn."

Mo bá a jiyàn síbẹ̀. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oorun ló wà lójú rẹ̀. Mo ní a kì í ti ara ẹ̀rí kan ṣoṣo sọ pé nǹkan dájú, bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Màmá wò mí títí mo fi dákẹ́. A wá fẹnu kò pé a ó dúró de bàálù mìíràn, nígbà tí ọmọ kò bá sùn, àti pé a kò ní í sọ nǹkan kan fún Mútíátù kí ó tó di ìgbà náà.

Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo gbàdúrà kí òjò má dá.

Ọjọ́ tó mọ́

Ó dá ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan. Mo gbé Àṣàkẹ́ lé orí itan lẹ́yìn ilé, mo kọjú rẹ̀ sí mi. Ó ti jẹun yó, ojú rẹ̀ dá ṣáká, yẹtí mi ló ń wò. Màmá jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí àárín òkè méjèèjì, kí ó lè na ọwọ́ bí ó bá ti rí nǹkan. A jókòó bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan. Mútíátù ń fọ abọ́ nínú ilé, ó ń kọrin.

Màmá na ọwọ́.

N kò gbójú sókè. Ojú ọmọ ni mò ń wò. Ariwo náà dé, ó wó lé wa lórí, mo rí i tí apá èmi fúnra mi ń gbọ̀n lábẹ́ ọmọ náà. Àwọn àgùntàn sá. Ojú Àṣàkẹ́ kò kúrò lára yẹtí mi. Kò ṣẹ́jú. Bí ariwo náà ti ń lọ, ó na ọwọ́ kékeré kan, ó fẹ́ mú yẹtí náà.

Mo gbọ́ ohùn Mútíátù lẹ́yìn mi. Ó ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná pẹ̀lú ọwọ́ tó tutù fún ọṣẹ.

"Àǹtí mi, kí ló dé tí ẹ ò wo bàálù?"

Mo fa ọmọ mọ́ra.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń fò sókè nítorí rẹ̀ lọ́jọ́sí. Kí ló dé tí ọmọ mi lẹ ń wò?"

Màmá ló dáhùn. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ fún ènìyàn pé aṣọ rẹ̀ ti ya lẹ́yìn. Mútíátù gbọ́ ọ tán, ó wá gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

"Láti Òkèrèwè lẹ ti wọ bàálù wá, kí ẹ lè wá wá àbùkù sí ọmọ mi lára? Ọmọ tí mo fi ọdún mẹ́fà sunkún sí?" Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn yàrá. Kò ṣí i títí ọkọ rẹ̀ fi dé.

Tàjú gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀.

"Mo ti ń fura," ló sọ. "Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń ta ìka sí i létí. Àwọn òbí ọmọ tó ń ṣàìsàn ni mò ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún lójoojúmọ́. N kò lè sọ ọ́ nínú ilé mi."

Mútíátù ti ṣílẹ̀kùn, ó ń wò ó láti òkè àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù bà mí fún ohun tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ọmọ bú sẹ́kún.

Màmá ní, "Ẹ ó rí àyè jà lọ́la. Ebi ń pa ọmọ. Mútíátù, fún un lọ́yàn. Tàjú, bọ́ bàtà rẹ, ọbẹ̀ wà nílẹ̀."

Wọ́n ṣe bí ó ti wí.

Ìlà lójú ẹ̀rọ

Ní ọsibítù ńlá tí wọ́n tọ́ka wa sí, wọ́n lẹ wáyà tínínrín mọ́ orí Àṣàkẹ́ nígbà tó ń sùn, wọ́n ń fi ìró sí i létí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi kún un. Obìnrin tó ń ṣe é jẹ́ kí n jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú ẹ̀rọ náà. Mo mọ ohun tó yẹ kí n rí. Bí ọpọlọ ọmọ bá gbọ́, ìlà náà yóò dìde bí ìgbì. Obìnrin náà gbé ìró sókè, ó tún gbé e sókè. Ìlà náà tẹ́ lọ bí títì.

Ó bá Mútíátù àti Tàjú sọ̀rọ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní wọn kò ṣe àṣìṣe kankan. Ó ní ẹ̀rọ tí a ń fi sí etí lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, kò jẹ́ ṣèlérí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí a padà délé, Mẹgan gbé búrẹ́dì wá sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Kò sọ̀rọ̀ òjò, kò sọ̀rọ̀ oòrùn. Ó wọlé láìjẹ́ pé a pè é, ó fọ gbogbo abọ́ tó wà nílẹ̀, ó sì lọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Mútíátù jókòó tì mí. Ìbínú rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ kàwé nípa ìró. Ohùn mi tí mo fi ń pè é, ibo ló ń lọ tí kì í fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

N kò fẹ́ purọ́ fún un. "Ó ń dé ara rẹ̀," ni mo sọ. "Bí o bá gbé e mọ́ àyà, tí o sọ̀rọ̀, ohùn rẹ ń gba egungun rẹ̀ kọjá, ó tilẹ̀ ń sáré nínú egungun ju inú afẹ́fẹ́ lọ. Kí ló ń rí nínú rẹ̀, èmi kò mọ̀."

Mútíátù gbé ọmọ, ó fi ẹnu kan àtàrí rẹ̀, ó ń kùn sí i láìlanu. Àṣàkẹ́ dáwọ́ ìka tó ń mu dúró, ojú rẹ̀ ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì. A kò sọ fún ara wa pé nǹkan kan ni tàbí pé kì í ṣe nǹkan kan. Mútíátù ń kùn lọ títí ọmọ fi sùn.

Ilé

A padà sí Ifẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò tíì pé tí Màmá fi wá bá mi ní Mayfair. Ó ní kí n mú òun lọ sọ́dọ̀ Bísí, télọ̀ tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Adití ni Bísí, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ló sì ti kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Mo rò pé Màmá fẹ́ rán aṣọ ni. Ó jókòó síwájú Bísí, ó nàka sí ọwọ́ rẹ̀, ó nàka sí ọwọ́ ara rẹ̀.

Fún ọdún mẹ́ta, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, Màmá ń lọ. Ìka rẹ̀ ti le, làkúrègbé wà nínú méjì nínú wọn. Bísí á tún un ṣe fún un, òun á gbàgbé, á tún padà. Ó kọ́ bí a ti ń fi ọwọ́ sọ "omi", "oúnjẹ", àti "máa bọ̀". Mo bá a nínú yàrá lọ́jọ́ kan tó ń fi ọwọ́ bá ògiri sọ̀rọ̀. Mútíátù kọ̀wé sí wa pé olùkọ́ kan ń wá sílé láti kọ́ àwọn náà, àti pé Àṣàkẹ́ ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láìsinmi. Màmá ní kí n má sọ tòun fún wọn. Ó fẹ́ kó bá wọn lójijì.

Wọ́n wá sílé lóṣù tó kọjá. Agboolé kún. Bí Àṣàkẹ́ ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré létí, gbogbo ènìyàn ń pariwo oríkì rẹ̀, ọmọ náà ń wo ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ní kí wọ́n dákẹ́. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sì sọ gbólóhùn tó ti ń kọ́ láti ọdún mẹ́ta: Mo fẹ́ràn rẹ, èmi ni ìyá ìyá rẹ.

Àṣàkẹ́ wo ọwọ́ náà. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

Mútíátù ti fọwọ́ bo ẹnu. "Màmá! Ta ló kọ́ yín? Màmá mi, kì í ṣe irú tiwọn nìyẹn. Tibẹ̀ yàtọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ń lò jù. Kò gbọ́ ọ."

Ó dùn mí dé inú. Èmi tí mo kàwé, tí mo gbé láàrin àwọn tó ní èdè tiwọn, kò wá sí mi lọ́kàn láti bèèrè bóyá èdè ọwọ́ náà ju ẹyọ kan lọ.

Màmá kò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó tún gbólóhùn náà sọ, ó rọra ṣe é ju ti àkọ́kọ́ lọ, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ.

Àṣàkẹ́ súnmọ́ ọn. Ó di ọwọ́ ọ̀tún Màmá mú, ó tún wá ọwọ́ òsì tó wà lábẹ́ ìborùn, ó fà á jáde. Ó gbé ọ̀kan lé èkejì. Ó tẹ ìka kan, ó na èkejì tó ní làkúrègbé jẹ́jẹ́, ó fà sẹ́yìn láti wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún àtàǹpàkò ṣe. Ó wá fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣe é, kí Màmá lè rí i.

Màmá ṣe é.

Ọmọ náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó jókòó sórí ilẹ̀ níwájú ìyá ńlá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì.